Iye bíárìn inú rílì kọ́ ló ń mú ẹja

Ẹ wo páálí rílì ìpẹja, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn ìwọ̀, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀ ni 12+1, tàbí 13+1, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye bíárìn inú rẹ̀ nìyẹn. Láàárín àwa tí a máa ń ju ìwọ̀ lórí àpáta Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó, àti àwọn tó ń ju tiwọn sínú ọ̀sà, ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí bíárìn bá ṣe pọ̀ tó ni rílì ṣe dára tó. Ọdún mẹ́ta ni èmi náà fi gbà bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ bíárìn ni kó jẹ́ kí irin yí láìha irin. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ ojúlówó, tí wọ́n fi síbi tí ẹrù ti wúwo, bíi ìdí jíà ńlá àti róólà kékeré tí okùn ń gbà kọjá, ti tó rílì lò. Àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n sábà máa ń tò wọ́n sínú ọwọ́ tí a fi ń yí rílì, níbi tí ike lásán ti lè ṣe iṣẹ́ náà. +1 yẹn sì jẹ́ èyí tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ rílì yí padà sẹ́yìn. Ẹ tún rántí omi iyọ̀: bíárìn olówó pọ́ọ́kú máa ń tètè dógùn-ún, nítorí náà mẹ́tàlá nínú rílì túmọ̀ sí ojú mẹ́tàlá tí ìbàjẹ́ lè gbà wọlé.

Ẹja kúta kan ló là mí lójú. Òwúrọ̀ Sátidé ni, omi òkun ń kún bọ̀, mo fi ṣáwá há ìwọ̀ lẹ́nu. Rílì mi jẹ́ 13+1, ó ń yí bíi pé wọ́n da epo sí i. Kúta gbé ìwọ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Dírágì, ohun tó ń ṣàkóso bí okùn ṣe ń tú jáde lára rílì, tú díẹ̀, ó há, ó tún tú, ó tún há, okùn sì já gbàù! Bàbá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí rílì rẹ̀ ti gbó, tí bíárìn inú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, gbé kúta tirẹ̀ gun àpáta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú oríire." Wọ́n wo rílì mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bíréèkì ẹ ni kó o lọ yẹ̀ wò."

Bíréèkì ni dírágì lóòótọ́: àwọn wáṣà pẹlẹbẹ tó ń tẹ ara wọn, kí okùn lè máa jáde bí ẹja bá fà á, láìjá. Kí ẹ tó sanwó rílì, ẹ fún dírágì le díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fa okùn jẹ́jẹ́. Bó bá kọ́kọ́ há kó tó fò jáde, ẹ dá a padà. Nílé, ẹ so òṣùwọ̀n oníkọ́ mọ́ ìdí okùn: okùn tó lè gbé kílò 8, kí dírágì rẹ̀ máa tú ní bíi kílò 2. Ẹ kíyè sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ apẹja kò mọ̀: bí ẹja bá ti fa okùn lọ tó bẹ́ẹ̀ tí fífẹ̀ èyí tó kù lórí rílì fi dín sí ìdajì, kílò 2 yẹn ti di 4 láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá tún ń fún dírágì nígbà tí ẹja ń sáré ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ já okùn ni.

Ní ti ọ̀pá, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lókè ibi ìdìmú: ìwọ̀n okùn àti ìwọ̀n ẹrù tó lè jù. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 dára nínú ọkọ̀ ojú omi. Lórí àpáta, tí ẹ ní láti ju ìwọ̀ kọjá ìgbì, bíi 10 ló yẹ. Ẹ fa òwú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ gba inú òrùka ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kọjá. Ibi tí òwú bá ti há, òrùka ti sán níbẹ̀, yóò sì máa gé okùn yín.

Kókó tí ẹ ta, ẹ fi itọ́ rẹ ẹ́ kí ẹ tó fún un, torí ooru ìfúnpọ̀ máa ń sọ okùn ọ̀rá di aláìlágbára. Bí ẹ bá délé, omi tútù díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi ṣan rílì, torí omi tó bá tú pẹ̀lú agbára máa ń ti iyọ̀ wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ dírágì sílẹ̀. Owó tí ẹ bá sì fẹ́ fi kún owó rílì nítorí bíárìn, ẹ fi ra okùn tuntun. Èyí tó ti wà nínú oòrùn láti ọdún tó kọjá ti gbó, bó tilẹ̀ ṣì ń dán.