GB Yìí Ti Sú Wa: Orúkọ Kan, Òṣùwọ̀n Méjì

Ojoojúmọ́ ni ìjà yìí ń wáyé ní Computer Village n'Ìkẹjà. Oníbàárà á ra hard disk tí wọ́n kọ 1TB sí lára, á gbé e délé, á kì í bọ ara láptọ́ọ̀pù, Windows á sì sọ fún un pé 931GB ló wà ńbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti padà dé, páálí lọ́wọ́ kan, rìsíìtì lọ́wọ́ kejì: "Ọ̀gá, GB mi tó kù dà?" Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á ní, "Ẹ má bínú sà, system ló jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Irọ́ ni! System kankan ò jẹ nǹkan kan. Ètò tó ń to fáìlì máa ń gba àyè díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lórí disk tó ṣófo, kò tó nǹkan rárá. Kò lè jẹ 69GB. Báìtì, ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń ka àyè disk, kan ṣoṣo ò sọnù lára disk yẹn. Òṣùwọ̀n méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ kan ni wọ́n fi ń pe méjèèjì, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí àwọn tó mọ̀ ti fún èkejì lórúkọ tirẹ̀ tí wọn ò lò ó. Ìyẹn ló ń bí wa nínú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe disk ń fi ẹgbẹ̀rún kà: 1KB jẹ́ báìtì 1,000, 1GB jẹ́ báìtì 1,000,000,000, 1TB jẹ́ 1,000,000,000,000. Bí kílò ṣe ń jẹ́ níbi gbogbo láyé nìyẹn. Kílómítà kan, mítà 1,000. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì jiyàn lé e lórí. Windows ní tirẹ̀ ń fi 1,024 kà, torí pé ìlọ́po méjì-méjì ni àdírẹ́ẹ̀sì inú kọ̀ǹpútà ń gbà pọ̀ sí i: 2, 4, 8, 16, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tó fi dé 1,024 ní ìgbà kẹwàá. GB tirẹ̀ wá jẹ́ báìtì 1,073,741,824. Hard disk 1TB tó jẹ́ ojúlówó sábà máa ń ní báìtì 1,000,204,886,016, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe é tiẹ̀ bu ènì díẹ̀ lé e. Ẹ fi 1,073,741,824 pín in, 931.5 lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni 500GB ṣe ń di 465, tí 256GB ń di 238, tí fláàṣì 64GB tó pé pérépéré kò ní ju 59.6 lọ.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un látilẹ̀ ni pé bí ẹrù bá kéré, àlàfo náà kéré. Lórí KB, ìyàtọ̀ ò ju 2.4 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí MB ó di 4.9, lórí GB ó di 7.4, lórí TB ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 10. Láyé ìgbà tí floppy, disk pẹlẹbẹ àtijọ́ yẹn, ṣì wà lóde, ta ló ráyè báìtì mélòó kan? Kódà 1.44MB tí wọ́n ń kọ sára floppy kò bá èyíkéyìí mu nínú òṣùwọ̀n méjèèjì. Báìtì 1,474,560 ló wà nínú rẹ̀: wọ́n fi 1,024 ka KB, wọ́n wá fi 1,000 ka KB yẹn di MB. Ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Àṣà jákujàku yẹn la jogún, òun ló wá ń jẹ wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí TB lónìí.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí ẹ lè rí ẹni tó jẹ̀bi. Yáàdì kan jẹ́ mítà 0.9144. Ẹ kíyè sí nọ́ńbà yẹn dáadáa, torí pé TB ara páálí jẹ́ 0.9095 nínú TB ti Windows. Àlàfo méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyá aláṣọ wọn léèsì yáàdì márùn-ún fún yín, ó pé, kò yọ ìka kan níbẹ̀. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Télọ̀ yọ ọ̀pá mítà, ó wọ̀n ọ́n, ó ní, "Àǹtí, yáàdì mẹ́rin àti ààbọ̀ ló wà níbí o." Ẹ bá fi ìbínú padà sí Balógun, ẹ di ìyá oníyàá mú láṣọ. Kí ni ìyá yẹn ṣe? Ọ̀pá mítà ló wà lọ́wọ́ télọ̀ tó ń pè é ní yáàdì! Windows ni télọ̀ yẹn. Ọ̀pá tó fi ń wọn nǹkan ò ṣẹ́, ìṣirò rẹ̀ ò sì yingin, orúkọ tó ń pe ọ̀pá náà ni kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Kò sì sẹ́ni tó lè ní òun ò rí orúkọ pè é. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni àjọ IEC, tó ń ṣòfin òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ lágbàáyé, ti fọwọ́ sí orúkọ tuntun fún kíkà tó ń fi 1,024 lọ: kibi, mebi, gibi, tebi. KiB, MiB, GiB, TiB. Lẹ́tà i kan péré ni wọ́n fi sáàárín! Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ti ń kọ GiB. Ní ọdún 2009, Apple sọ kíkà inú Mac di ẹgbẹ̀rún láti Mac OS X 10.6, tó fi jẹ́ pé disk 1TB ń jẹ́ 1TB lójú rẹ̀. Android náà ti ń fi ẹgbẹ̀rún kà láti orí ẹ̀dà 8. Windows, tó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà jákèjádò Èkó, ló ṣì ń ka GiB tó ń kọ GB. Lẹ́tà kan! Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe sí Windows lóṣooṣù ò lè rí àyè lẹ́tà kan?

Àwọn tó ń ṣe RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, náà ò ràn wá lọ́wọ́. RAM 8GB ń fi 1,024 kà, àṣà tiwọn nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ wo sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù nínú ṣọ́ọ̀bù: "8GB RAM, 256GB SSD." Orí ìlà kan náà, lẹ́tà kan náà, GB àkọ́kọ́ fi báìtì tó lé ní mílíọ̀nù 73 ju GB kejì lọ. Irú ìwà wo nìyẹn?

Ibi tó ti ń dun àwọn oníṣẹ́ jù ni orí tábìlì àtúnṣe. SSD 256GB, irú disk tí kì í yí, fẹ́ kú nínú láptọ́ọ̀pù kan, wọ́n fẹ́ da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sórí òmíràn bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Wọ́n ṣí Disk Management, irinṣẹ́ tí Windows fi ń pín disk, Windows ní 238GB ni. SSD 240GB wà lórí àtẹ, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. 240 ṣáà ju 238 lọ, àbí? Wọ́n rà á, wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ, software kọ̀ jálẹ̀ pé disk tuntun kéré jù. Ó kéré lóòótọ́! 240GB ara páálí jẹ́ 223.5 lójú Windows. 240 ti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n gbé síwájú 238 ti Windows, wọ́n rò pé ẹbí kan náà ni. Owó ti lọ, wọ́n ti ya páálí, ẹni tó tà á ò gbà á padà mọ́. Ó wá di dandan kí wọ́n dín ìpín C, ibi tí Windows fúnra rẹ̀ wà, kù ní Disk Management pẹ̀lú Shrink Volume, kí wọ́n tẹ nǹkan bíi 16384 sí i kó lè tó, nítorí MB tó ń béèrè níbẹ̀ náà, 1,024 ló fi ń kà á, kí wọ́n tó wá software tó lè sún ìpín Recovery (èyí tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe) tó wà lẹ́yìn C síwájú. Bí fáìlì kan tí Windows ò gbọdọ̀ sún bá dúró sí ìparí C, Shrink ò ní gbà títí wọ́n á fi pa hibernation àti pagefile, àwọn ohun tí Windows ń fi fáìlì ńlá pamọ́ sórí C fún, ná. Gbogbo wàhálà yìí, lórí lẹ́tà i kan.

Ẹ̀yin tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà ò bọ́ níbẹ̀. Fláàṣì tí wọ́n fi FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì, tò kò lè gba fáìlì kan tó bá ju báìtì 4,294,967,295 lọ, bí àyè tó ṣófo lórí rẹ̀ ì báà tó 20GB. Àwọn ènìyàn ń pe ìyẹn ní "4GB". 4GB ti ta? Fídíò tí fóònù Android ní ó jẹ́ 4.2GB á wọlé wẹ́rẹ́, torí pé 3.91 péré ni lójú Windows. Fídíò tí Windows ní ó jẹ́ 4.2GB ò ní wọlé láéláé, torí pé ó ti lé ní báìtì bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀. Nọ́ńbà kan náà o, ọ̀kan wọlé, èkejì kọ̀! Wọ́n á ní fláàṣì ti bàjẹ́, wọ́n á sọ ọ́ nù. Fláàṣì ò bàjẹ́. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíì, ẹ tún un tò sí exFAT, ọ̀nà tuntun tó ń gba fáìlì ńlá, àyàfi tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kò mọ̀ ju FAT32 lọ lẹ fẹ́ kì í bọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gé fídíò náà sí méjì.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, níbi tí b kékeré ti jẹ́ bit tí B ńlá sì jẹ́ báìtì, tí bit mẹ́jọ ń di báìtì kan? 20Mbps (mílíọ̀nù bit 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tí wọ́n polówó kò lè ju 2.5MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ààbò tí ìdàrúdàpọ̀ yìí fi bo àwọn oníjìbìtì. Nígbà tí gbogbo ayé ti gbà pé "gbogbo wọn ló ń dín kù", kí ni ẹni tó ra àyédèrú á fi mọ̀? Wọ́n ń ta fláàṣì 2TB lówó pọ́ọ́kú káàkiri ìgboro. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má ju chip 16GB tàbí 32GB lọ, àmọ́ wọ́n ti kọ́ controller rẹ̀, ọpọlọ tó ń darí rẹ̀, láti máa purọ́. Ẹ ó kó fáìlì sí i, kò ní janpata. Bí chip náà bá kún, ó lè máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, tàbí kó kàn máa da ohun tí ẹ kó sí i nù láìsọ. Orúkọ àwòrán á wà ńbẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ ìṣirò tó wà lókè yìí ì bá ti fura látòkèèrè: 2TB ojúlówó máa ń fi nǹkan bíi 1.81TB hàn lórí Windows. Èyí tó bá ń fi 2.00TB hàn gbáko ló yẹ kó kọ́kọ́ já yín láyà! Ẹ fi H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac, nígbà tí kò tíì sí nǹkan yín kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé á kọ nǹkan kún un dé ẹnu, á sì tún un kà padà. Ó ń pẹ́: fláàṣì 64GB tó ń kọ 10MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47 láti kún, kíkà padà ò sì tíì sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ nípa disk yín, ẹ ṣí This PC, ẹ fi apá ọ̀tún mouse tẹ disk náà, ẹ yan Properties. Lórí ìlà Capacity, nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Ti apá ọ̀tún tó kúrú ni ẹ má wò. Èyí tó gùn, tí wọ́n kọ bytes sí lẹ́yìn, ni ẹ kà: bílíọ̀nù mélòó ló wà níbẹ̀? Òun ni GB tí ẹ sanwó fún, bó bá ti jẹ́ pé disk náà ò ní ju ìpín kan lọ. Ẹni tó bá ń lo Linux, kó tẹ lsblk -b. Kó sì rántí pé df -h, àṣẹ tó ń fi àyè disk hàn, ń fi 1,024 kà, df -H ń fi 1,000 kà, àti pé bs=1M àti bs=1MB kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́wọ́ dd, àṣẹ tó ń da disk kọ: 1,024 ni M fi ń kà, 1,000 ni MB fi ń kà.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ kóòtù. Ní 2006, Western Digital parí ẹjọ́ kan lórí rẹ̀, software ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fún àwọn tó ra disk. Software o! Lónìí, ẹ yí páálí disk sẹ́yìn, ẹ máa rí i ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà, pé 1GB jẹ́ báìtì bílíọ̀nù kan. Wọ́n fi 1TB gàgàrà síwájú, wọ́n fi àlàyé pamọ́ sẹ́yìn. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí kò rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀ ló wá ń gba èébú nítorí wọn. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Àmọ́ ẹ̀yin òǹtajà wa n'Ìkẹjà àti n'Ísàlẹ̀ Èkó, ẹ yé sọ pé system ló jẹ ẹ́. Gbólóhùn yẹn ló ń jẹ́ kí ojúlówó àti àyédèrú jọ ara wọn. Bí ẹ bá ń kọ rìsíìtì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò, lójú oníbàárà, kó tó kúrò níwájú káńtà: "1TB. Windows á pè é ní 931GB. Bí ó bá dín sí 931, ẹ gbé e padà wá."