Owó tó dín kù nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ Laurie Baker

Ẹ kú iṣẹ́ lórí ìròyìn yìí nípa àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí Laurie Baker, ayàwòrán ilé tó kú lọ́dún 2007, kọ́ sí ìpínlẹ̀ Kerala, ní Íńdíà. Àmọ́ owó tó dín kù lẹ ń tẹnu mọ́ ṣáá. Owó tí Baker ná ńkọ́? Ọwọ́ bíríkìlà ló ń lọ! Nígbà ayé Baker, ńṣe ló máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ bíríkì lélẹ̀ kí àlàfo lè wà nínú ogiri. Bíríkì á dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ooru ò sì ní tètè wọlé, àmọ́ ó gba ọwọ́ tó mọṣẹ́. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé àtijọ́ tí wọ́n wó náà, Baker máa ń tún wọn lò. (Ẹ bi káfíńtà yín bóyá irú igi bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́jà.)

Ẹni tó kọ ọ́ sábẹ́ ìròyìn yìí pé ogiri tí wọn ò rẹ́ jẹ́ ti ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo Indian Coffee House, ilé kọfí tí Baker kọ́ sí Thiruvananthapuram, olú ìlú Kerala. Bíríkì ni, ó ń yí lọ sókè bí ìkarahun ìgbín, tábìlì sì tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogiri. Ta ló máa pe ìyẹn ní ilé akúṣẹ̀ẹ́?