Oògùn ọpọlọ kì í jẹ́ lóru ọjọ́ kan

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé bí eré tẹlifíṣọ̀n bá tiẹ̀ fi hàn pé oògùn ìsoríkọ́ jẹ́ lóru ọjọ́ kan, àwọn òǹwòran mọ̀ pé eré lásán ni, pé kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mi ò gbà rárá! Àbúrò mi obìnrin ń gba ìtọ́jú ìsoríkọ́ nígbà tá a jọ ń wo eré kan. Aláìsàn inú ẹ̀ lo oògùn lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kàn rọra mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ti lo tiẹ̀ fún ọjọ́ 10, kò tíì rí ìyàtọ̀, ló bá gbà pé tòun ti kọjá oògùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn yẹn lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó jẹ́ dáadáa. Ọjọ́ kejì ló pa á tì, kò sọ fún mi.