Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́ Tuntun ní Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, apá méjèèjì òwe yìí ló kàn ọ́.

Kíkó ara ẹni níjàánu ni pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọ ọdún 3 kò tíì tó. Apá iwájú ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn kì í gbó tán títí èèyàn yóò fi lé ní ọdún 20. Nítorí náà, bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ tó ń tàpá nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìwọ ló ń bá jà. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ rọlẹ̀.

Ìbínú tìrẹ náà kì í ṣàdédé dé. Ara rẹ á ti kọ́kọ́ fi hàn: eyín á wa pọ̀, èjìká á ga sókè, ohùn á máa le. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti dá a dúró. Má tíì sọ̀rọ̀. Fa èémí sínú títí o ó fi ka 4, tú u síta títí o ó fi ka 6, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èémí àmísíta tó gùn ló ń jẹ́ kí àyà tó ń lù kìkì rọlẹ̀. Wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú ìwọ àti ọmọ ṣe déédéé, kí o sì sọ̀rọ̀ ṣókí: “Inú ń bí ẹ. O fẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn. Mo wà níbí.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwàásù ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí àlàyé kì í wọ ọmọ tó ń ké létí, bí o bá sì gbóhùn sókè, tirẹ̀ á ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akèrègbè ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè ki ọwọ́ bọ inú ọmọ kó fa ẹkún jáde. Dúró tì í, kó sunkún rẹ̀ tán.

Bí apá rẹ kò bá ká a mọ́, pe ẹlẹgbẹ́ rẹ kó gbà á fún ìṣẹ́jú 2. Kí ẹ ti fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi máa pe ara yín. Má ṣe fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láìsí àgbà o. Bí o bá sì ti jágbe mọ́ ọmọ, padà lọ bá a kí ilé-ìwé tó parí: “Mo pariwo mọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, má bínú.” Èyí kì í bu olùkọ́ kù rárá, níbẹ̀ lọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń tún àárín ṣe.

Lójoojúmọ́, kọ ìlà mẹ́ta sílẹ̀: aago tí inú ru, ohun tó ṣáájú, ohun tí o ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, wàá rí i pé àsìkò ebi, àsìkò oorun àti ìgbà tí eré ń parí ló ń le jù. Kìlọ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 5 kí eré parí, kí o tún kìlọ̀ nígbà tó bá ku 1.