Ẹyẹlé Ń Bá Òjò Ṣọ̀rẹ́

Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Mo gbà fún wọn lórí gbogbo ẹ̀dá, àfi ẹyẹlé.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wínníwínní, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ẹyẹlé kan lórí òrùlé tó kọjú sí mi. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó na apá kan sókè gbọnrangandan, kò mira rárá. Mo ní ó ti parí fún un. Mo fa táwẹ̀lì, mo sáré jáde, mo gbé àkàbà ti ògiri. Mi ò tíì gun ìdajì tí ẹyẹlé fi dìde. Ó pa apá rẹ̀ dé, ó wò mí sùn-ùn, ó rìn lọ sí ìkángun òrùlé lọ́hùn-ún, ó tún fẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀, ó na apá kejì sókè. Ìwẹ̀ ló ń wẹ̀! Ó ń ṣí abẹ́ apá fún òjò kó lè fọ̀ ọ́ dáadáa. Èmi tí mo wá gbà á lọ́wọ́ òjò ni mo padà wọlé bí adìyẹ tí òjò pa.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn máa wo àwọn ẹyẹ àyíká ilé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ ló máa ń kó awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn pamọ́ bí òjò bá ti ṣú. Wọ́n á ní kí ni àwọn fẹ́ rí? Ohun tí ẹ ò lè rí nígbà tí oòrùn bá ń ràn ni. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ológoṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Fìrí báyìí, ó ti kọjá. Òjò ló máa ń mú un jókòó. Á wá abẹ́ ewé tó nípọn tàbí abẹ́ òrùlé, á kájọ síbẹ̀, ẹni tó bá ní sùúrù á sì wá rí àmì orí rẹ̀ àti ilà ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò mọ̀ látọjọ́ yìí pé ó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń jókòó gan-an, ìran ni. Bí òjò kò bá pọ̀, àdàbà á wú ìyẹ́ rẹ̀ títí á fi rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ máa móoru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò yẹn di òjò gidi. Á pa ìyẹ́ mọ́ra, á nàró ṣánṣán, á gbé àgógó kọjú síbi tí òjò ti ń bọ̀, kí omi lè máa ṣàn láti orí dé ìrù láìrí ibi wọlé. Ẹyẹ tó sanra bí bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀ka igi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ẹyẹ mìíràn ló wá gbapò.

Kí ló ń lé omi kúrò lára wọn? Lókè ìdí ìrù ẹyẹ, kókó kékeré kan wà tó ń ṣe ọ̀rá. Ẹyẹ á fi àgógó kàn án, á wá máa fi ra ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rò pé ọ̀rá yẹn nìkan ló ń lé omi. Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣa ìyẹ́ kan nílẹ̀ tí ẹ wò ó fínnífínní, ẹ ó rí i pé fọ́nrán tín-ín-rín púpọ̀ ló tò pọ̀, tí ìkọ́ tójú lásán kò lè rí sì so wọ́n mọ́ra bí eyín síìpù. Híhun yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ráyè kọjá. Nígbà tí òjò bá dá tí ẹyẹ wá ń fẹnu tọ́ ìyẹ́ rẹ̀ fún àkókò gígùn, ẹ má pè é ní oge o. Síìpù tó ṣí ló ń pa dé.

Ẹyẹlé tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ìyẹ́ kan wà lára rẹ̀ tí orí wọn máa ń rún di lẹ́búlẹ́bú funfun, òun náà sì ń bá a tọ́jú ara. Ẹni tí ẹyẹlé bá ti ya lu gíláàsì fèrèsé rẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ: àwòrán ẹyẹ, tapá tìrù, á hàn lára gíláàsì bíi pé ẹnì kan fi ẹfun yà á.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni òjò rọ̀ lọ́rùn fún. Ìyẹ́ òwìwí rọ̀ kó lè fò láìdún, rírọ̀ yẹn náà ni kì í jẹ́ kó lè gba òjò dúró. Etí ló sì fi ń ṣọdẹ lóru, ariwo òjò á wá bo ìró ẹsẹ̀ eku mọ́lẹ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Kòkòrò tó ń fò lójú ọ̀run ni oúnjẹ rẹ̀, kòkòrò kì í sì fò nínú òjò líle. Á máa fò nílẹ̀ nílẹ̀ lórí omi, á máa wá ìwọ̀nba tó bá rí. Bí òjò bá fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀, ebi dé bá àwọn ọmọ inú ìtẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gà ni mo máa ń kí kú iṣẹ́ ní tèmi: ìsàlẹ̀ ló dojú ìtẹ́ rẹ̀ kọ.

Tí òjò bá dá tán, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ekòló á ti jáde sórí ilẹ̀ tó rin, ikán abìyẹ́ á máa tú jáde nínú ihò, gbogbo ẹyẹ tó ti sá pamọ́ á sì ya bò wọ́n. Lékèélékèé á máa rìn nínú koríko bí ẹni tó sọ owó nù.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú. Mo ti rí ẹni tó sọ òkúta sínú igbó kékeré tí àwọn ẹyẹ sá sí, torí kí wọ́n lè fò kó ya fọ́tò. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ tutù, tó ń ṣọ́ ìwọ̀nba agbára tó kù fún un, lẹ ní kó wá fò kiri nínú òjò! Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fọ́n ọkà fún wọn, ẹ kó èyí tí òjò bá ti pa dànù, torí ọkà tó bá bu lè ba ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ jẹ́.

Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń ṣe Great Backyard Bird Count, ìkànìyàn àwọn ẹyẹ (ẹ dárí jì mí, ìkànyẹ ni) tó máa ń wáyé nínú oṣù Kejì ọdún. Ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, lèèyàn á fi wò, á sì kọ iye tó bá rí sílẹ̀. Tí gbogbo wa bá ń dúró de ìgbà tí oòrùn bá yọ ká tó kà wọ́n, ṣé ẹyẹ là ń kà tàbí oòrùn?

Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ ná. Ó tún ti ṣú, ẹyẹlé méjì sì ti dúró sórí òrùlé yẹn. Ọ̀kan ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Táwẹ̀lì mi wà nílé lónìí.