Gáàsì AC kì í tán lọ́dọọdún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tí mo ti ń bá tún ẹ̀rọ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ pè mí. "Ọmọ mi, AC yàrá mi ò tutù mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnìkan ti bá mi fi gáàsì sí i, ó dájú pé ó ti tán. Bá mi gbé tọdún yìí wá."

Ọ̀rọ̀ "tọdún yìí" yẹn ló bí mi nínú. Kì í ṣe ìyá náà ni mo ń bínú sí. Àwa oníṣẹ́ la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, a kọ́ wọn débi pé gáàsì ti di ohun tí wọ́n ń ka ọjọ́ rẹ̀. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń tún AC àti fíríìjì ṣe, mi ò sì rántí oṣù kan tó kọjá kí ẹnìkan má sọ fún mi pé gáàsì AC máa ń tán, pé ọdọọdún ló yẹ ká máa fi kún un. Irọ́ ni. Gáàsì AC kì í tán. Tó bá dín, jíjò ló jò. Tó bá sì jò, ihò wà níbì kan, dídí ihò náà sì ni iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ sanwó rẹ̀.

Orúkọ ló ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wọ́n gbọ́ "gáàsì", ọkàn wọn lọ sí èyí tí wọ́n fi ń dáná, tó ń jó, tó sì ń tán. Ti inú AC kì í jó. Ẹrù ooru ló ń rù. Á gba ooru inú yàrá, á hó di afẹ́fẹ́; kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á tì í lọ sínú kọ́ìlì (páìpù tí wọ́n ká) tó wà níta; níbẹ̀ ni yóò ti sọ ooru yẹn kalẹ̀, táá sì padà di olómi. Lẹ́yìn náà á gba ojú tóóró kan kọjá, ìfúnpá rẹ̀ á já wálẹ̀, á tutù, á tún wọlé padà wá ru òmíràn. Ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, nínú páìpù bàbà tí wọ́n ti dí pa. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká lára yín náà ni. Ta ló ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún nítorí pé ọkàn rẹ̀ ń lù? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń dín léraléra, dókítà á wá ibi tó ti ń dà.

Ẹ jẹ́ ká fi ti àlàyé sílẹ̀, kí ẹ lọ wo fíríìjì yín. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wà nínú rẹ̀, kọ́ìlì wà, gáàsì wà, iṣẹ́ kan náà tí AC ń ṣe ló ń ṣe. Àwọn tuntun tó ń lo irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní R600a, gáàsì inú wọn kì í sábà tó 100 gíráàmù. AC ògiri tó kéré pàápàá sábà máa ń ní ìlọ́po mélòó kan irú rẹ̀. Fíríìjì kì í sinmi ní alẹ́, kì í sinmi nígbà òtútù, tọdún-tọdún ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń jẹ gáàsì, fíríìjì ni tiẹ̀ ì bá kọ́kọ́ tán. Èyí tó wà nílé mi, 2009 ni mo rà á. Kò sẹ́ni tó tíì fi gáàsì kan sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ìgbà wo lẹ fi gáàsì sí fíríìjì yín kẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ yín ò ṣe é rí. Kí ló wá dé tí ẹ gbà pé ti ògiri gbọ́dọ̀ máa tán?

Ẹ tún wo AC ojú fèrèsé, èyí tí gbogbo ara rẹ̀ wà nínú àpótí kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò sí ẹnu ibi tí èèyàn lè ki géèjì, ohun tí a fi ń wọn ìfúnpá gáàsì, bọ̀ lára wọn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é wọn gáàsì sí i, wọ́n fún ẹnu páìpù náà pa, wọ́n fi iná lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé gáàsì máa tán lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní fi iná lẹ ẹnu ibi tí wọ́n máa gbà fi kún un.

Mo mọ èsì tó máa tẹ̀ lé e: "Oníṣẹ́ fi géèjì hàn mí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀." Ọ̀rọ̀ géèjì yìí ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Tí asẹ́ AC bá dí, afẹ́fẹ́ yàrá tó yẹ kó kọjá lára kọ́ìlì inú kò ní kọjá dáadáa. Gáàsì ò ní rí ooru tó tó rù, ìfúnpá rẹ̀ á wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì ò mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ló fà á ni àbí gáàsì tí kò tó. Ibì kan náà ló máa tọ́ka sí. Bí ìta bá tutù, ó tún lè wálẹ̀. Ti AC onínverter tiẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ, torí pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kì í sáré bákan náà nígbà gbogbo: bó bá ṣe ń yára sí i ni ìfúnpá ẹ̀gbẹ́ tó ń fà ń lọ sílẹ̀ sí i. Yìnyín tó bo páìpù náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Gáàsì tó dín lè fà á, asẹ́ tó dí náà lè fà á. Ẹni tó wo géèjì nìkan tó sì ṣí sílíńdà, àfọ̀jù ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá kan ní kí n wá wo AC pálọ̀ wọn. Oníṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe é tẹ́lẹ̀ ti fi gáàsì kún un lọ́dún mẹ́ta léraléra, síbẹ̀ pálọ̀ ò tutù. Mo fi tẹmọ́mítà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó jẹ́ 29°C. Mo fi sí ẹnu ibi tó ń gbà jáde, 23. Mẹ́fà péré ni ìyàtọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lára AC tó dá ṣáṣá, nǹkan bí mẹ́jọ sí méjìlá ni mo máa ń rí. Mo tú ìdérí rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Kọ́ìlì ti dúdú. Rólà tó ń fẹ́ atẹ́gùn ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri ara, ṣùgbọ́n ojú ò rí àlàfo àárín wọn mọ́: eruku ti kún un, ó ti ki bí aṣọ onírun, tí mo fi ń fi ìka fà á jáde ní àwẹ́ gígùngígùn. Omi tí mo fi fọ̀ ọ́ dúdú bí tàdáwà.

Lẹ́yìn náà ni mo fa gáàsì inú rẹ̀ sínú sílíńdà òfìfo tí mo gbé ka òṣùwọ̀n. Ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà sọ pé 1,100 gíráàmù ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ohun tí mo fà jáde jẹ́ 1,640. Kò sí ihò kankan lára ẹ̀rọ yẹn. Gáàsì tó lé ní ìdajì kílò ni wọ́n ti tà fún bàbá yìí fún ẹ̀rọ tí gáàsì rẹ̀ ò dín rí, tí ìdọ̀tí sì wà níbi tó wà. Èyí tó tún dùn mí jù ni ohun tí àlékún yẹn ń ṣe sí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀gbẹ́ ìta á ga ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa jẹ iná sí i, olómi á sì lè padà dé inú rẹ̀. Ohun tó ti di afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe kọ̀mpúrẹ́sọ̀ láti fún. Olómi kì í ṣe é fún pọ̀, ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ti ń fọ́. Mo fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, mo wọn 1,100 padà sí i, ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ 17 kí n tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó ń ní "a fi gáàsì sí i, ó sì tutù", ọ̀rọ̀ tiwọn ò gùn. Ó tutù torí pé oníṣẹ́ fọ asẹ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà, tàbí torí pé ẹ̀rọ yín ń jò lóòótọ́, tuntun yẹn á sì bá ojú ọ̀nà kan náà jáde. À ń pọn omi sínú agbọ̀n ni.

Èmi náà ti ṣe é rí, AC yàrá tèmi sì ni. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ni mo fi gáàsì kún un. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo kọ̀, mo jókòó tì í. Níbi nọ́ọ̀tì páìpù tó nípọn, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìta, mo rí òróró díẹ̀ tó ti kó eruku mọ́ra. Òróró kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì rìn, ibi tí gáàsì bá gbà jáde ni òun náà máa ń hàn sí. Mo po ọṣẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á yí nọ́ọ̀tì náà ká, mo dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìfófòó kékeré kan tó yọ, ó wú tó orí abẹ́rẹ́, ó bẹ́, òmíràn sì yọ ní ojú ibẹ̀ gan-an. Mo gé ẹnu páìpù náà, mo tún un fẹ̀, mo dè é padà, mo fi náítírójìn dán an wò bóyá ó ṣì ń jò, mo fi pọ́ǹpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, mo wá wọn gáàsì sí i bí ìwé ara rẹ̀ ṣe wí. Ọdún 2016 nìyẹn. Títí di òní, géèjì ò tíì kàn án.

Gáàsì tó sì jò, ó ní ibi tó ń lọ. R22, irú gáàsì AC àtijọ́, ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ìbòrí ojú ọ̀run tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn; abẹ́ Àdéhùn Montreal, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1987, ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń lé e kúrò nílẹ̀. R410A tó rọ́pò rẹ̀ kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ tó bá bọ́ sójú ọ̀run ń mú ayé gbóná bíi nǹkan bí 2,000 kílò carbon dioxide láàárín 100 ọdún. Láti dín irú rẹ̀ kù ni wọ́n ṣe ṣe Àtúnṣe Kigali sí Àdéhùn Montreal lọ́dún 2016. Ẹni tó ń fi kún ẹ̀rọ tó ń jò lọ́dọọdún, ojú ọ̀run ló ń dà á sí.

Ti AC ọkọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, mo gbà. Páìpù rọ́bà wà lára rẹ̀, ọ̀pá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń yọ síta, gáàsì lè máa gba ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. AC ara ògiri kì í ṣe ọkọ̀.

Tí AC yín ò bá tutù, ẹ kọ́kọ́ wo rìmóòtù bóyá "cool" ló wà, kì í ṣe "fan". Ẹ fa asẹ́ jáde kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ lọ síta, kí ẹ wò bóyá fáànù ibẹ̀ ń yí àti bóyá nǹkan kan dí ẹ̀yìn rẹ̀. Kapásítọ̀ kékeré kan, ohun tó ń ran fáànù lọ́wọ́ láti yí, tó bá ti kú lè dá fáànù yẹn dúró, ẹ ó sì máa dá gáàsì lẹ́bi. Bí oníṣẹ́ bá wá ní gáàsì ti dín, ẹ bi í léèrè: níbo ló ti ń jò? Kó fi ìfófòó ọṣẹ hàn yín. Ẹ bi í bóyá ó gbé òṣùwọ̀n wá. Bí kò bá ní èsì, ẹ má jẹ́ kó ṣí sílíńdà.

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá náà lọ́sàn-án. Mo fa asẹ́ AC wọn jáde, mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ò kọjá. Níta, ẹnìkan ti gbé pákó ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó bo ìdajì kọ́ìlì. Mo fọ asẹ́, mo gbé pákó kúrò, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú: 28 ń wọlé, 18 ń jáde. Sílíńdà mi ò kúrò nínú ọkọ̀. "Gáàsì ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. Mo ní, "Mọ́mì, ó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sí i lọ́dún tó kọjá gan-an ni mo fẹ́ padà wá wọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lé."