Gáàsì tó tán kò parẹ́: ohun tí iná jó ṣì wà, ó sì ṣe é kà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun tí iná bá ti jó, ó ti parun nìyẹn. A máa ń sọ pé gáàsì ti tán, pé kẹrosíìnì ti jó gbẹ, pé odidi ìdì igi tí wọ́n fi dáná àríyá lánàá ti di eérú ẹ̀kúnwọ́ méjì. Àwọn àgbà náà kúkú ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Eérú yìí là ń wò tí a fi gbà pé òun nìkan ló kù, pé ìyókù ti wọ inú òfo lọ.

Kò wọ inú òfo kankan. Kò sí ẹyọ kan tó run nínú igi yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó run nínú gáàsì tàbí kẹrosíìnì. Mo fẹ́ ká gbéjà ko èrò yìí, nítorí òun ló ń fa ọ̀pọ̀ wàhálà tí àwọn ọmọ wa ń rí ní kíláàsì kẹ́mísìrì. Ọmọ tó ti gbà lọ́kàn pé iná ń pa nǹkan rẹ́, báwo ló ṣe máa yé e pé ohun tó wà lápá òsì equation, ìlà tí a fi ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, gbọ́dọ̀ bá ti apá ọ̀tún dọ́gba? Á kàn há a sórí ni, yóò sì gbàgbé rẹ̀ kó tó dé gbọ̀ngán ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ bu omi tútù sínú ìkòkò, ẹ nu ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ dáadáa, ẹ gbé e ka orí gáàsì. Bí ẹ bá ti tanná, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ara ìkòkò náà. Kò ní pẹ́ rárá tí ojú irin yẹn á fi ṣú, tí ìrì wínníwínní á bò ó. Nígbà mìíràn ìrì náà á kóra jọ di ẹ̀kán omi, á ṣàn wá sí ìdí ìkòkò, á sì ta ṣáṣá nígbà tó bá kan iná. Bí ìkòkò bá ti gbóná, gbogbo rẹ̀ á gbẹ. Àwọn kan á ní ìkòkò ló ń jò, àwọn mìíràn á ní a ò nù ún dáadáa ni. Rárá o, omi tuntun ni. Inú iná ló ti jáde. Háídrójìn tó wà nínú gáàsì ló bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, wọ́n di omi, omi náà gòkè bí oru, ó kan irin tútù, ó sì padà di ẹ̀kán tí ojú ń rí.

Ó pọ̀ tó báwo? Sílíńdà kílò 12.5 wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà. Propane àti butane ló máa ń wà nínú gáàsì ìdáná, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi propane nìkan ṣírò kó má bàa lọ́jú pọ̀. Kí kílò 12.5 yẹn tó jó tán, á ti gba ọ́síjìn tó lé ní kílò 45 nínú afẹ́fẹ́. Ohun tó máa jáde ni carbon dioxide kílò 37.5 àti omi tó lé díẹ̀ ní kílò 20. Omi tó lé ní lítà 20 gba ojú fèrèsé jáde nílé yín, kò sì sẹ́ni tó rí i! Bí ẹ bá ro gáàsì pọ̀ mọ́ ọ́síjìn tó gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 58. Bí ẹ bá ro carbon dioxide pọ̀ mọ́ omi, iye kan náà ni. Ohun tí à ń pè ní òfo wúwo ju ìlọ́po mẹ́rin gáàsì tí a fowó rà lọ.

Àwa nìkan kọ́ ni èrò yìí tàn jẹ. Ní Yúróòpù láyé Georg Ernst Stahl, oníṣègùn ará Jámánì kan, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ohun kan tó ń jẹ́ phlogiston ló wà nínú gbogbo ohun tó lè jóná, pé òun ló ń sá jáde nígbà tí iná bá ń jó. Àmọ́ irin tí wọ́n bá fi iná sun máa ń wúwo sí i ni. Bí nǹkan bá jáde lára rẹ̀, ṣé kò yẹ kó fúyẹ́? Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Boyle, ti sún mọ́ ìdáhùn ní England ní nǹkan bí 1673. Ó sun irin nínú ìgò tó dí pa, ó rí i pé ó wúwo sí i, ṣùgbọ́n ó ti ṣí ìgò náà kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Afẹ́fẹ́ ti wọlé, kò sì fura. Ó rò pé iná ló gba ara gíláàsì wọlé. Antoine Lavoisier, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, ṣe irú rẹ̀ ní Paris ní 1774 pẹ̀lú irin tí wọ́n ń pè ní tin, ó sì wọn ìgò náà kó tó ṣí i. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Ìgbà tó ṣí i tí afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé ni ìwọ̀n tó lọ sókè. Ó tẹ òfin náà, pé ìwọ̀n ohun tó wọlé àti ìwọ̀n ohun tó jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba, sínú ìwé rẹ̀ ní 1789, ìyàwó rẹ̀, Marie-Anne, ló sì ya àwọn àwòrán irinṣẹ́ inú ìwé náà. Iṣẹ́ obìnrin yẹn tọ́ sí ìyìn ju bí a ṣe ń yìn ín lọ.

Ohun tí Lavoisier fi òṣùwọ̀n rí yìí gan-an ni ọmọ SS1 ń fi bírò ṣe. Wọ́n kọ ti propane tó ń jó fún un, C ni kábọ̀nù, H ni háídrójìn, O ni ọ́síjìn:

C₃H₈ + O₂ → CO₂ + H₂O

Kó má ṣe máa fi nọ́ńbà dán an wò gbuurugbu. Kó kọ́kọ́ kà. Kábọ̀nù mẹ́ta ló wọ inú iná, mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ jáde. Kábọ̀nù kan ṣoṣo ló wà nínú carbon dioxide kọ̀ọ̀kan, nítorí náà carbon dioxide mẹ́ta ni. Háídrójìn mẹ́jọ ló wọlé, méjì méjì sì ni omi ń gbà, omi mẹ́rin nìyẹn. Ọ́síjìn la máa ń fi sẹ́yìn, torí pé òun ló dá wà, a lè fi kún un láìda ìyókù rú. Mẹ́fà wà nínú carbon dioxide, mẹ́rin wà nínú omi, ó di mẹ́wàá. Méjì méjì ló ń rìn nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà márùn-ún là ń fẹ́:

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Àwọn kan máa ń ní àfi ẹni tí orí rẹ̀ mọ ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò wo ló wà níbẹ̀ ju pé ká ka nǹkan, ká sì pín in?

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni ti omi. Wọ́n kọ H₂ + O₂ → H₂O, ọmọ rí i pé ọ́síjìn dín lápá ọ̀tún, ó sì fi 2 kékeré sábẹ́ O. Ó di H₂O₂. Òǹkà dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe omi mọ́. Hydrogen peroxide ni, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún fífọ ọgbẹ́, tó máa ń hó lójú egbò. Nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ló ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́, èyí tó wà níwájú ló ń sọ iye tó wà. Ẹni tí àlejò rẹ̀ pọ̀ á din àkàrà kún àkàrà ni, kò ní sọ ẹ̀wà inú rẹ̀ di gbàgúdá. Bó ṣe yẹ kó rí ni 2H₂ + O₂ → 2H₂O.

Èrò òfo yìí tún ń pa ènìyàn, ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n á gbé ìkòkò èédú wọ yàrá lásìkò òtútù, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á ní èédú náà ti pọ́n, kò léèéfín mọ́, kò sí nǹkan tó ń jáde. Nǹkan ń jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, C + O₂ → CO₂ ni. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ti ń dín kù, ó di 2C + O₂ → 2CO. Ẹ wò ó: kábọ̀nù méjì ló wá ń pín ọ́síjìn tí ẹyọ kan ì bá gbà. CO yìí, carbon monoxide, kò láwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Òun kan náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì síta, kó jìnnà sí fèrèsé.

Ẹ fún ọmọ yín ní butane kó fi dánra wò, C₄H₁₀. Kábọ̀nù àti háídrójìn kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé orí ọ́síjìn, á rí i pé 13 là ń fẹ́, méjì méjì ni wọ́n sì ń rìn, kò ṣe é pín dọ́gba. Kó má bẹ̀rù. Kó sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì:

2C₄H₁₀ + 13O₂ → 8CO₂ + 10H₂O

Lẹ́yìn náà kó wọ̀n ọ́n lórí ìwé, kó fi ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe é: kábọ̀nù 12, háídrójìn 1, ọ́síjìn 16. Lápá òsì, gíráàmù 116 àti 416 á fún un ní 532. Lápá ọ̀tún, 352 àti 180 á fún un ní 532.